Ẹ yéé fi owó yín dán ọkọ̀ wò

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ owó ni. Bí ọkọ̀ yín ò bá fà mọ́, tí ẹ tẹ accelerator dé ilẹ̀ tó kàn ń wò yín níran, ohun tó máa jẹ owó yín jù kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Àméfò ni. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pààrọ̀ eléyìí ná, ká wò ó." Gbólóhùn yẹn ni mo wá bá jà lónìí.

2/ Corolla 2005 ni tèmi, tòkunbọ̀. Ó dé òkè Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, kò gùn ún mọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń kọjá lára mi! Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní, "Àǹtí, plug ni." A pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ₦24,000. Pàbó. Ìkejì ní fuel pump ni, ₦45,000. Ó ṣì ń wọ́ bí ìgbín. Owó iṣẹ́ àwọn méjèèjì, ₦15,000. Ẹ ṣírò ẹ̀: ₦84,000.

3/ Ìkẹta ló bí mi nínú jù. Kò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní ká gé catalytic converter kúrò lábẹ́ ọkọ̀, pé òun mọ ẹni tó máa rà á. Òótọ́ ni pé tí nǹkan yẹn bá dí, èéfín ò ní ráyè jáde, ọkọ̀ ò sì ní fà. Ṣùgbọ́n ṣé ó yẹ̀ ẹ́ wò? Rárá. Platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú ẹ̀. Ṣé ọkọ̀ mi ló ń tọ́jú ni, àbí ọjà ló ń wá?

4/ Tó bá tiẹ̀ dí lóòótọ́, nǹkan kan ló dí i: bóyá plug tí kì í ta iná dáadáa, bóyá ẹ́ńjìnnì tó ń jó oil. Ẹ gé e kúrò, ohun tó fà á ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa lápálápá.

5/ Ìkẹrin, ọmọkùnrin kan báyìí, ní kí n san ₦10,000 kóun tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Owó àyẹ̀wò. Ó kù díẹ̀ kí n bá a jà. Ó ki scanner bọ ihò oní-pin 16 tó wà lábẹ́ sítíárìn. Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ wọn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń bọ̀. Kóòdù jáde: P0171. Afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ.

6/ Kò sọ pé ká ra nǹkan kan. Ó wọn bí epo ṣe ń tì wá, ó péye. Ó wo fuel trim, ìyẹn iye tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń fi kún epo tàbí tó ń yọ kúrò. Ó yẹ kó sún mọ́ 0. Nígbà tí ọkọ̀ wà lójú kan, +9. Bó ṣe tẹ accelerator, ó gòkè dé +23. "Àǹtí, ká ní ibì kan ló ń jò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni, ojú kan yẹn ló yẹ kó ga jù."

7/ MAF sensor ni. Wáyà kékeré tó máa ń gbóná ló wà nínú ẹ̀, òun ló ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Eruku bò ó, ó ń ka afẹ́fẹ́ kéré, kọ̀ǹpútà ń bu epo kéré. Ta ló kó eruku wọlé? Air filter tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ atẹ́gùn fẹ́ títí tó fi ya. Spray tí wọ́n ṣe fún un, filter tuntun, ó parí. Mo gun Mọ́kọ́lá, mo ń kọrin.

8/ Ẹnìkan á ní, "Bàbá mẹkáníìkì wa, etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n." Mo bọ̀wọ̀ fún etí yẹn. Ó ń gbọ́ bẹ́líìtì tó ń han. Ṣùgbọ́n etí wo ló ń gbọ́ +23? Babaláwo gan-an, ó máa dífá kó tó ka ẹbọ.

9/ Àwa náà ò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ ṣá. "O kàn wò ó ni, o fẹ́ gba ₦10,000?" Ṣùgbọ́n tó bá gbé pump síwájú wa, wàrà la máa sanwó. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó jẹun tí kò bá ta pump? Àwa la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

10/ Nítorí náà, ẹ sanwó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè mẹ́ta: Kí lẹ wọ̀n? Mélòó lẹ rí? Mélòó ló yẹ kó jẹ́? Tí kò bá rí i dáhùn, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín.

11/ Mo sì ti rí yín ní comment: "MAF ni tèmi náà o!" Ta ló sọ fún yín? Ó lè jẹ́ plug. Ó lè jẹ́ bíréèkì tó di táyà mú. Ó lè jẹ́ jíà tó ń yọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń pariwo tí ọkọ̀ ò rìn. Ẹ má fi thread mi ṣe àméfò. Ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó rà á.