Kò Dìgbà Tí Ẹnìkan Bá Ṣáná

"Ta ló ṣáná?" Ohun tá a máa ń kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn bí ọkọ̀ agbépo bá gbiná. Bá ò bá rí ẹni tó ṣe é, a ó ní ọwọ́ ayé ni. Irọ́ ni. Kò dìgbà tí ẹnìkan bá mú iná lọ bá bẹntiróòlù.

Ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Bí iná bá ta sí aṣọ, a ní iná ràn mọ́ ọn: iná ló ṣiṣẹ́, bí àìsàn tó ń ràn. Ṣùgbọ́n tá a bá ní epo gbiná, epo ló gbà á. Ẹni tó gba nǹkan, ṣebí ó ti nawọ́. Àní bàbá tó gbaná jẹ, ta ló ki iná bọ̀ ọ́ lẹ́nu?

Ọwọ́ tí bẹntiróòlù ń nà ni òórùn rẹ̀. Òórùn tá a ń gbọ́ nílé epo yẹn, epo náà ni, tó ti di afẹ́fẹ́. Òun gan-an ló ń gbiná, kì í ṣe èyí tó ń ṣàn nínú kẹ́ẹ̀gì. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tá à ń mí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà kì í gòkè. Ó ń wọ́ nílẹ̀ bí ejò. Ẹ wo ọmọkùnrin tó ń rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó ti gbé àtùpà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Díẹ̀ dà sílẹ̀. Òórùn gba abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó yí igun ògiri, ó bá àtùpà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbaná lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e padà wá bá ẹni tó di kẹ́ẹ̀gì mú. Ta ló ṣáná?

Wọ́n á ní kẹrosíìnì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, bí wọn ò bá ti lú bẹntiróòlù mọ́ ọn: ó gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 38°C kó tó lè gbiná. Bẹntiróòlù ò dúró de ooru kankan. Bí òtútù bá tiẹ̀ mú un dé nǹkan bí -40°C, á ṣì gbà á.

Ní Majiya, Ìpínlẹ̀ Jigawa, lóṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ agbépo ṣubú lóru, àwọn èèyàn sì jáde lọ bu epo. Epo náà gbiná, àwọn tó kú sì lé ní 150. Níbi tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀, ọ̀kadà kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ fẹsẹ̀ ta kó lè ṣiṣẹ́ ti tó.

Bẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ má wojú ẹnikẹ́ni, ẹ má wá korobá. Inú epo lẹ ti wà yẹn. Ẹ sá.