Títì Ni Kí Òjò Dúró sí, Kì í Ṣe Balùwẹ̀ Yín

Ní àwọn ìlú tó ń fi páìpù abẹ́ ilẹ̀ kó omi ìdọ̀tí, òjò ńlá lè rọ̀ kí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo àdúgbò máa tú jáde nínú balùwẹ̀ ẹnì kan. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ta ló ju nǹkan sí páìpù?" Òótọ́ ni pé ọ̀rá oúnjẹ àti àkísà máa ń dí páìpù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìgbà òjò nìkan ló ń ṣẹlẹ̀, ẹ má wá ẹni tẹ́ ẹ máa bá jà nínú ilé. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò ìlú ni kẹ́ ẹ lọ.

Ẹ ti rí i bí bíríkìlà ṣe ń fi rọ́bà tó ní omi nínú wo bóyá ògiri dọ́gba, àbí? Ibi tí omi bá ga dé lápá kan náà ló máa ga dé lápá kejì. Páìpù ilé yín àti páìpù ńlá abẹ́ títì ò yàtọ̀ sí rọ́bà yẹn. Tí ti abẹ́ títì bá kún, omi á gòkè nínú ti ilé yín náà, ihò tó wà nísàlẹ̀ jù ló sì máa gbà jáde.

Kí ló ń mú un kún? Lọ́pọ̀ ìlú àtijọ́ bíi London àti Chicago, páìpù kan náà ló ń gbé omi ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi òjò. Tí òjò ò bá rọ̀, kò sí wàhálà. Tó bá rọ̀, omi orí òrùlé àti ti títì á ya wọ inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún 1975, Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò ńláńlá sábẹ́ ilẹ̀ kí omi yìí lè ríbi dúró. Ihò náà gùn tó kìlómítà 175, ọdún 2006 ni wọ́n sì tó gbẹ́ ẹ tán. Ìlú mélòó ló lówó àti sùúrù bẹ́ẹ̀?

Èyí tó wù mí jù ni ti Skokie, ìlú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Omi ìdọ̀tí ò yéé kún yàrá abẹ́ ilẹ̀ àwọn ará ibẹ̀. Láti àwọn ọdún 1980 lọ, dípò kí wọ́n hú gbogbo páìpù, wọ́n fi nǹkan dín ẹnu ihò tí òjò ń gbà wọ abẹ́ títì kù, kó lè máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wá ṣe òkìtì pẹrẹsẹ sójú títì káàkiri, kí omi lè dúró níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Owó tí wọ́n ná ò tó ìdajì iye tí wọn ì bá fi ya páìpù òjò sọ́tọ̀.

Ẹ lè ní, ṣé títì tiwa kì í kún ni? Ó ń kún, àmọ́ omi tí wọ́n ní kó dúró yàtọ̀ sí omi tí ò ríbi lọ. Ti Skokie, wọ́n ti ṣírò ibi tó máa ga dé. Kódà kó dá mọ́tò dúró díẹ̀, èmi gbà bẹ́ẹ̀. Òjò tó wà lójú títì, òjò ni. Tó bá ti pàdé ìgbẹ́ nínú páìpù, ó lè di kọ́lẹ́rà.

Àwọn kan á ní kí onílé kúkú ra fáàfù tó ń ṣí síta nìkan. Ó dáa, ṣùgbọ́n tó bá ti pa dé, omi tẹ̀yin náà ò ní lè jáde. Tẹ́ ẹ bá wẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, inú ilé yín ló máa padà sí. Omi títì náà á sì wá ihò aládùúgbò yín lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní iṣẹ́ ìjọba ni.

Nílé, sọkawéè ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Ṣùgbọ́n FESTAC Town, tí wọ́n kọ́ nítorí àjọ̀dún 1977, ní páìpù àjùmọ̀lò, àwọn ẹ̀síteètì tuntun mélòó kan náà sì ń ṣe é. Kẹ́ ẹ tó sanwó ilé níbẹ̀, ẹ bi wọ́n: ibo lomi òjò ń gbà? Ibo ni ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì ń gbà? Ṣé wọ́n pàdé níbì kankan? Tí wọn ò bá rí èsì fún yín, ẹ mú owó yín dání.