Ọtí Tó Gbó àti Ọtí Tó Kàn Le

  

Ọ̀rọ̀ ọtí ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀mùtí. Ọ̀rọ̀ ohun tí à ń ta sílẹ̀ fún irúnmọlẹ̀ àti fún àwọn baba wa ni. Ìgò méjì ló fa àròjinlẹ̀ yìí, mo sì fẹ́ sọ ìtàn ìgò kọ̀ọ̀kan.

Ìgò àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ. A péjọ sí ojúbọ kan ní Ìgàndò, èmi sì ni wọ́n ní kí n ra ọtí wá. Ìkánjú ń bá mi. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Ìkọ̀tún, mo ra ìgò ṣínáàpù kan lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀ rí, n kò sì yẹ ìdérí rẹ̀ wò. Nígbà tí mo gbé e kalẹ̀, àgbà awo tó ń darí wa ṣí i, ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ọwọ́ kejì rà á, ó sì gbé e súnmọ́ imú. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Awo, ṣé o tọ́ èyí wò kí o tó gbé e wá?"

"Rárá, Bàbá."

"Ohun tí ìwọ kò mọ̀ bóyá o lè mu, ta ni o wá ní kí ó mu ún?"

Wọ́n da ọtí náà nù lẹ́yìn ilé, Bàbá sì ní kí a gbé omi tútù wá. Omi tútù ni a fi ṣe ohun gbogbo ní ọjọ́ náà, ó sì gbà. Ojú tì mí. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò lè sọ ohun tó wà nínú ìgò tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé wá síwájú òrìṣà.

Ìgò kejì dé ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní Skọ́tíláǹdì báyìí, wá kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó sì mú wísíkì kan wá fún mi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní single malt, tó ti lo ọdún 18 nínú àgbá. Mo fẹ́ mu ún bí a ṣe ń mu ọtí líle níhìn-ín: kí n da á sọ́nà ọ̀fun, kí n sì bojú jẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró ná." Ó da díẹ̀ sínú ife tí ẹnu rẹ̀ há. Ó ní kí n wo àwọ̀ rẹ̀, kí n gbọ́ òórùn rẹ̀ láì yára, kí n fi díẹ̀ sórí ahọ́n, kí n sì jẹ́ kí ó dúró níbẹ̀. Mo gbọ́ òórùn oyin, mo gbọ́ ti èèpo ọsàn gbígbẹ, mo gbọ́ ti igi. Ó kán omi díẹ̀ sí i, òórùn mìíràn sì jáde tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí mo rántí ni Bàbá ní Ìgàndò, tó da ọtí sí àtẹ́lẹwọ́. Ohun tí ọmọ yìí kọ́ ní ìlú òyìnbó, àgbà awo kan ń ṣe é níhìn-ín láì fún un lórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ mi díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè. Yorùbá kì í fi imú lásán gba òórùn. A máa ń *gbọ́* òórùn ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a fi ń gbọ́ ohùn, tí a fi ń gbọ́ èdè, tí a sì fi ń gbọ́ àgbọ́yé. Èyí túmọ̀ sí pé, nínú èdè wa, òórùn a máa sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì ní sùúrù ni yóò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹ tún wo *gbó*. Aṣọ tó gbó ti ń lọ sí àkìtàn. Ṣùgbọ́n iṣu tó gbó ni a ń wà, àgbàdo tó gbó ni a ń ṣe lọ́jọ̀ fún irúgbìn, orógbó ni a sì fi ń wúre pé kí ọmọ gbó. Ohun kan náà ni ọjọ́ pípẹ́ ń ṣe fún gbogbo wọn. Ohun tí a bá fi sílẹ̀ de ọjọ́ náà ló ń sọ bóyá yóò di àkísà tàbí yóò di irúgbìn.

Báwo ni àwọn ará Skọ́tíláǹdì ṣe mú ọtí tiwọn gbó? Ohun mẹ́ta péré ló wà nínú single malt: omi, ọkà báálì àti ìwúkàrà. Wọ́n á rẹ ọkà náà títí yóò fi hù, wọ́n á sá a sí ooru kí ó gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì jẹ́ kí omi rẹ̀ kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ìyá wa ṣe ń rẹ àgbàdo kí ó hù kí ó tó di ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tàbí ọkà bàbà kí ó tó di ọtí bàbà, ẹ rí i pé ọgbọ́n náà kì í ṣe àjèjì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á sè é nínú ìkòkò bàbà, tí ooru rẹ̀ yóò di omi. Wọn kì í lo èyí tó kọ́kọ́ jáde, wọn kì í sì í lo èyí tó kẹ́yìn. Àárín ni wọ́n ń mú. Ó funfun bí omi nígbà náà. Inú àgbá igi óákù ló ti ń gba àwọ̀, òfin wọn sì sọ pé kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 3 níbẹ̀ kí a tó lè pè é ní wísíkì Skọ́tíláǹdì. Bí wọ́n bá kọ 18 sára ìgò, ọtí tó kéré jù lọ nínú ìgò náà ti lo ọdún 18.

Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọn ló mú mi lọ́kàn jù. Bí ọtí ti ń gbó nínú àgbá, díẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ lọ, nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Wọ́n pe èyí ní ìpín àwọn áńgẹ́lì. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: àgbá tó gba lítà 200 yóò ti pàdánù nǹkan bí lítà 60 nígbà tí ó bá fi pé ọdún 18. Oníṣòwò ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n gbà pé ẹni àìrí ní ìpín tirẹ̀, wọn kò sì bínú. Bí àwa bá ta ọtí sílẹ̀ kí a tó mu, wọ́n á ní kèfèrí ni wá.

Ẹnìkan lè bi mí pé: kí ló dé tí àwa kò fi ní ọtí tó gbó? Ṣé a kò mọ adùn ni? Ìtàn fún wa ní ìdáhùn. Ní ọdún 1915, ìjọba Bìrìtìkó ṣe òfin nílé pé kí wọ́n má ta wísíkì tí kò tíì lo ọdún 2 ní ìpamọ́; láìpẹ́ wọ́n sọ ọ́ di ọdún 3. Ní 1919, ìjọba kan náà àti àwọn alágbára mìíràn fọwọ́ sí àdéhùn Saint-Germain-en-Laye ní ilẹ̀ Faransé, èyí tó de pípọn ọtí líle ní apá tó pọ̀ jù lọ ní Áfíríkà. Òfin kan sọ fún ará Skọ́tíláǹdì pé kí ó ní sùúrù; èkejì sọ fún ará Ìlàjẹ pé arúfin ni. Ògógóró, tí à ń pọn láti inú ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀, wá di ọtí inú igbó. Ní Gánà, akpeteshie ni orúkọ rẹ̀, orúkọ tó wá láti inú èdè Gã tó sì jẹ mọ́ ìfarapamọ́. Àgbá tí yóò gbó gbọ́dọ̀ jókòó síbì kan lójú olówó rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ta ni yóò fi àgbá sílẹ̀ fún ọdún 10 nígbà tí ọlọ́pàá ń bọ̀ ní òwúrọ̀ ọ̀la? Ohun tí a gbà lọ́wọ́ wa ni àkókò. Adùn kò kúrò lẹ́nu wa.

Àlàfo náà ni ṣínáàpù ilẹ̀ Holland kún. Oníṣòwò ló gbé e wá, ó sì pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọba àti abọrẹ̀ títí tí ọ̀pọ̀ fi rò pé Ifá ló dárúkọ rẹ̀. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni jù ú nù. Ohun tí àgbà bá ti gbà wọ ojúbọ ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìgò aláwọ̀ ewé kọ́ ni òrìṣà ń gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ojú wọn a kọ́kọ́ ṣókùnkùn, orí a fọ́ wọn, ẹ̀mí a sì bọ́. Àwọn kan ní òrìṣà Málòkun ló ń bínú. Ìròyìn náà tàn ká ayé. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, methanol ni wọ́n bá nínú ara àwọn tó kú, oró tó wà nínú ọtí tí wọ́n mu. Ìjọba wá kéde pé ògógóró di èèwọ̀. Ẹ wo bí ẹ̀bi ṣe pín: oníjẹkújẹ ló da oró sí ọtí, òrìṣà ni wọ́n kọ́kọ́ fi sùn, ọlọ́pẹ ni wọ́n sì jẹ níyà. Bí ayédèrú ọtí bá ṣe pa ẹnìkan ní ojúbọ wa ní Àlímọ̀ṣọ́ ńkọ́? Ta ni yóò gbọ́ àlàyé wa?

Nítorí náà, mo dá àbá mẹ́ta.

Èkíní, kí ẹni tó bá gbé ọtí wá mọ orírun rẹ̀. Bí kò bá lè sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti rà á, kí ó má gbé e dé. Imú Bàbá dá ayédèrú mọ̀ ní Ìgàndò, ṣùgbọ́n methanol tó mọ́ kì í fi òórùn han ara rẹ̀, díẹ̀ rẹ̀ sì lè fọ́ ojú. Fún ìdí èyí, mímọ orírun ló gbọ́dọ̀ ṣáájú títọ́wò.

Èkejì, kí a dá àṣà títọ́wò padà. Nílé Yorùbá, ẹni tó gbé ọtí fún àlejò ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Kí a kọ́ àwọn ọmọ awo ní èyí bí a ṣe ń kọ́ wọn ní yíyẹ obì wò kí wọ́n tó pa á: àwọ̀, òórùn, ìkán kan lórí ahọ́n.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ wa bá ọ̀kan nínú àwọn tó ń pọn ògógóró lábẹ́ ìforúkọsílẹ̀ sọ̀rọ̀, kí a sì fi àgbá kan pamọ́. Ọtí náà ti ń wà nínú ìgò tó bójú mu báyìí. Pedro's ń ṣe é ní Èkó níhìn-ín. Ooru wa kì í sì í ṣe ọ̀tá. Ní Íńdíà, ilé-iṣẹ́ Amrut ní Bangalore ń mú single malt gbó nínú ooru. Ìpín àwọn áńgẹ́lì níbẹ̀ lè kọjá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ṣùgbọ́n ọdún díẹ̀ níbẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní ibi òtútù. Ní 2004 ni wọ́n gbé ọtí wọn lọ sí Glasgow, láàrin àwọn tó ni í, wọ́n sì rà á. A lè pọn ọtí kan ní ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe kan, kí a ṣí i ní ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ọdún márùn-ún sí i.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní owó kò sí. Èmi náà mọ iye tí à ń ra nǹkan ní Ìkọ̀tún. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní owó ọtí gidi ní omi tútù, omi tútù kò sì ní ayédèrú. Àwọn mìíràn á ní babaláwo ń polówó ọtí. Ẹ má gbàgbé ohun tí ẹmu ṣe fún Ọbàtálá ní ọjọ́ tí wọ́n rán an níṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé, àti pé èèwọ̀ ni fún àwọn ọmọ rẹ̀ títí di òní. Ìkìlọ̀ yẹn kò parẹ́. Ẹni tó ń fi ìkán mẹ́ta tọ́ ọtí wò kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ń fa ọtí inú ọ̀rá mu ní ibùdókọ̀ Ẹ̀gbẹ́dá ní aago méje òwúrọ̀. Àìmọ adùn ló ń sọ ọtí di oògùn orun. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tọ́ kì í sábà mọ̀ ọ́n mu yó.

Ìgò ọlọ́dún 18 náà ṣì wà nílé. Mo gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fún Bàbá ní Ìgàndò. Wọ́n da á sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n rà á, wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n ta ìkán mẹ́ta sílẹ̀ kí wọ́n tó fi ahọ́n kàn án. Wọ́n ní, "Ẹni tó ṣe èyí ní sùúrù." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé: "Tiwa dà?"

Ìbéèrè náà ni mo gbé wá fún yín. Ọtí kì í tí. Kí àṣà wa má tí. Àṣẹ.