Iye tó wà lójú fóònù kọ́ ni owó tó wà lọ́wọ́

Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti jẹ́ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye dọ́là, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí abúlé kan mọ́ tí ọ̀rọ̀ dọ́là kò dé. Ṣáájú àkókò náà, nǹkan bíi náírà 471 ni dọ́là kan ní báńkì. Kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó ń ra ajílẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, ẹni tó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà mọ̀ ọ́n. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń tọ àwọn òbí wọn lọ pé kí wọ́n mú nínú owó ìfẹ̀yìntì tàbí owó kòkó wá, kí àwọn fi ṣe káràkátà owó òkèèrè tí wọ́n ń pè ní fórẹ́ẹ̀sì.

Òwò náà wà lóòótọ́. Ìṣirò tí BIS, báńkì àwọn báńkì àpapọ̀ àgbáyé tó wà ní Basel, ṣe ní oṣù kẹrin ọdún 2025 fi hàn pé owó tó ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ níbẹ̀ lójúmọ́ ju tírílíọ̀nù 9 dọ́là lọ. Ṣùgbọ́n ọjà àwọn báńkì ńlá ni. Ẹni tó ní 100 dọ́là kò lè dá wọ̀ ọ́. Alágbàtà ni yóò bá a wọ̀ ọ́.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣòwò àti alágbàtà tó gba owó wọn. MetaTrader 4, tí iléeṣẹ́ MetaQuotes gbé jáde ní ọdún 2005, wà lára èyí tí àwọn èèyàn ń lò jù. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè gbé e sórí fóònù. Ṣùgbọ́n bí òṣùwọ̀n kòkó ló rí: àgbẹ̀ mọ̀ pé òṣùwọ̀n tó dára lè wà lọ́wọ́ oníjìbìtì. Alágbàtà ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó wo ẹ̀rọ.

Alágbàtà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò béèrè káàdì ìdánimọ̀ àti ẹ̀rí ibi tí èèyàn ń gbé, bí báńkì ti ń ṣe. Àkáǹtì oríṣi méjì ló máa ń wà: ti owó gidi, àti èyí tí a fi ń kọ́ṣẹ́, tí owó inú rẹ̀ jẹ́ owó eré. Èyí tí a fi ń kọ́ṣẹ́ ló yẹ kí àkọ́bẹ̀rẹ̀ lò fún oṣù mélòó kan, nítorí àṣìṣe ibẹ̀ kì í jẹ owó ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n bá ṣí ẹ̀rọ náà lórí fóònù, ojú ewé tí wọ́n pè ní Quotes ni yóò fi iye owó àwọn orílẹ̀-èdè hàn ní méjì méjì, bíi yúrò sí dọ́là. Iye tí oníbàárà lè fi tà àti iye tí ó lè fi rà máa ń yàtọ̀ síra, bí ó ti rí lọ́dọ̀ àwọn Mọ́là tó ń ṣẹ́ dọ́là. Àlàfo yẹn wà lára èrè alágbàtà, ìdí nìyẹn tí òwò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdánù díẹ̀. Ojú ewé Trade ni òwò tó ṣì wà nílẹ̀ wà. History ni ti èyí tó ti parí.

Lójú ewé Trade, Balance ni owó tó wà láìka òwò tó ṣì wà nílẹ̀. Equity ni iye tí yóò kù bí a bá pa gbogbo òwò náà dé lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tó ń fi Balance nìkan han bàbá rẹ̀ kò tíì sọ gbogbo òótọ́. Àyè kan tún wà tó ń jẹ́ Stop Loss, níbi tí a ti ń pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ pa òwò dé bí àdánù bá dé ìwọ̀n kan. Ẹni tó fi í sílẹ̀ lófìfo dà bí ẹni tó ń jó igbó láìro etí oko.

Ohun tó ń pa àkọ́bẹ̀rẹ̀ jù ni owó àyálò. Alágbàtà lè jẹ́ kí ẹni tó ní 100 dọ́là ra 10,000 yúrò. Bí yúrò bá kúrò ní dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 10, tó wálẹ̀ sí dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 9, sẹ́ǹtì kan yẹn lórí 10,000 ti di 100 dọ́là. Gbogbo owó rẹ̀ ti lọ nìyẹn, yúrò sì lè rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan. Ní ọdún 2018, ESMA, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò ní Yúróòpù, pàṣẹ pé àyálò náà kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po 30 lọ lórí àwọn owó tó gbajúmọ̀ jù. Àjọ náà ti rí i pé láàárín 74 sí 89 nínú 100 àkáǹtì aráàlú tí wọ́n fi ń ṣe irú òwò yìí ló ń pàdánù.

Ti alágbàtà tòótọ́ nìyẹn. Ti ayédèrú tún burú jù ú lọ. CBEX sọ fún aráàlú pé kọ̀ǹpútà tó ń ronú bí èèyàn yóò bá wọn ṣòwò, pé owó yóò di ìlọ́po méjì láàárín 30 ọjọ́. Iye ojú fóònù sì ń gòkè lójoojúmọ́. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2025, owó kò ṣe é gbà mọ́. Wọ́n tún ní kí àwọn èèyàn san 100 tàbí 200 dọ́là sí i kí wọ́n tó lè yẹ àkáǹtì wọn wò. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn. Ẹrù ọ́fíìsì ni wọ́n rí kó. Owó kò sí níbẹ̀. Àjọ SEC, tó ń ṣàkóso ọjà ìdókòwò ní Nàìjíríà, sọ pé CBEX kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun.

Òfin ìdókòwò tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2025 ti gbé owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 10, lé orí àwọn tó bá ń ṣe irú gbájúẹ̀ bẹ́ẹ̀. SEC sì ti ṣàlàyé pé gbàgede fórẹ́ẹ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà tí òfin bá fi jẹ ọ̀daràn kì í sáàbà dá owó ẹni padà.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Òbí tí wọ́n bá wá tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀ lè béèrè orúkọ alágbàtà, kí ó sì ní kí wọ́n wá a nínú ìwé SEC. Ó lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó kékeré sí i, kí wọ́n sì gbà á padà sí báńkì kí wọ́n tó fi kún un. Ọ̀rọ̀ aṣínà méjì ló wà fún àkáǹtì MetaTrader: ọ̀kan fún ṣíṣe òwò, ìkejì fún wíwò nìkan. Òbí lè gba ìkejì, kí ó máa wo bí owó rẹ̀ ṣe ń rìn. Alágbàtà tó bá sì ní kí èèyàn kọ́kọ́ san owó mìíràn kí ó tó lè gba owó ara rẹ̀, a kì í fún un ní kọ́bọ̀ kan sí i.