Bí Ìjọba Bá Kúrò Lọ́jà, Ta Ni Yóò Gbọ́ Ẹjọ́ Wa?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ń jà rànyìn láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn olùkọ́ wa pàápàá sì ti dá sí i. Àwọn kan ní kí ìjọba, láti Àbújá títí dé ìjọba ìbílẹ̀, kó ẹrù wọn kúrò lórí X, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Twitter kí Elon Musk tó rà á ní bílíọ̀nù 44 dọ́là ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022, tí ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ibẹ̀ ti di ọjà irọ́ àti èébú. Èmi kò fara mọ́ wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbọ́ tẹnu mi kí wọ́n tó sọ mí lókùúta.

N kò sọ pé ọ̀rọ̀ wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ o. Ta ni ó lajú sílẹ̀ tí kò gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, nígbà tí àwọn aláìnítìjú ń ní kí Grok, ẹ̀rọ tí ń dáhùn ọ̀rọ̀ lórí X, bọ́ aṣọ lára àwòrán àwọn obìnrin, tí wọn kò sì yọ àwọn ọmọdé sílẹ̀? Indonesia àti Malaysia ti ilẹ̀kùn mọ́ Grok fún ìgbà díẹ̀ nítorí rẹ̀. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni NPR, iléeṣẹ́ rédíò Amẹ́ríkà, ti kúrò lórí ìkànnì náà ní ọdún 2023. Ìwé ìròyìn The Guardian ti ìlú London tẹ̀ lé e ní oṣù Bélú ọdún 2024. Àwọn yunifásítì àti ilé ìwádìí tí ó lé ní 60 láàárín àwọn tí ń sọ èdè Jámánì sì kúrò lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025. Wọ́n ṣe é, ó yẹ wọ́n. Ẹni tí ọjà kan kò bá tù lára mọ́, kí ó gbé igbá rẹ̀ lọ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í ṣe ìyá alákàrà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí dé eegun ni pé àwa ọmọ Nàìjíríà ti tọ́ irú rẹ̀ wò rí, ó sì jọ pé a ti gbàgbé bí ó ti korò tó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdù ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari, tí ó ti di olóògbé báyìí, kọ ọ̀rọ̀ sí Twitter nípa àwọn tí ń dáná sun ilé iṣẹ́ ìjọba ní ìhà Ìlà-oòrùn. Ó rán wọn létí ogun abẹ́lé, ó sì ní èdè tí ó yé wọn ni ìjọba yóò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Twitter pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹrin, Alhaji Lai Mohammed, mínísítà ètò ìròyìn, kéde pé ìjọba ti dá Twitter dúró jákèjádò Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀: orí Twitter kan náà ni iléeṣẹ́ rẹ̀ gbé ìkéde náà sí! Ọmọ Ọ̀rọ̀ sì ni mínísítà yìí, Ìgbómìnà bí tèmi; n kò lè sọ pé àjèjì ni ó ṣe wá.

Ní ọjọ́ karùn-ún àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù dí ọ̀nà pa. Malami, agbẹjọ́rò àgbà, ní kí wọ́n pe ẹni tí ó bá rú àṣẹ náà lẹ́jọ́. Àjọ NBC ní kí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n má ṣe lò ó mọ́. Ó lé ní oṣù méje kí wọ́n tó ṣí i ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ ní Òkè-Ìlá nígbà náà, wọ́n ń kọ́ ara wọn ní VPN bí ẹni ń kọ́ ara wọn ní ayò. Wọn kò kúrò lábẹ́ òrùlé bàbá wọn, ṣùgbọ́n fóònù wọn ti wà ní Jámánì. Ta ni ó wá kúrò níbẹ̀ ní tòótọ́? Ìjọba nìkan ni. Ìjọba sì kọjá sórí Koo, ìkànnì àwọn ará Íńdíà, ó lọ tẹ́ àtẹ tuntun síbẹ̀. Koo ti kógbá sílé láti ọdún 2024. Ní ti àṣẹ ìdádúró náà, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Agẹmọ ọdún 2022, lórí ẹjọ́ tí SERAP àti àwọn mìíràn pè, pé kò bófin mu.

Ẹnìkan yóò ní, “Kí ìjọba kúrò yàtọ̀ sí kí ìjọba ti ọjà pa.” Ó yàtọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ìjọba tí ó ní àtẹ tirẹ̀ níbẹ̀ bá lè ti ọjà pa nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí ni yóò dá èyí tí kò ní nǹkan kan níbẹ̀ lọ́wọ́ kọ́?

Èyí tí àwọn alátakò mi kì í sì í fẹ́ gbọ́ ni ti àwọn afàwọ̀rajà. Ní oṣù Bélú ọdún 2022, nígbà tí Musk bẹ̀rẹ̀ sí ta àmì ìdánilójú fún ẹni tí ó bá lówó, ẹnìkan ra tirẹ̀, ó fi orúkọ Eli Lilly, iléeṣẹ́ òògùn Amẹ́ríkà, kéde pé insulin ti di ọ̀fẹ́. Aráyé gbà á gbọ́. Eli Lilly gan-an ló jáde lórí ìkànnì kan náà tí ó ní irọ́ ni. Bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ wá fi ojú inú wo ẹni tí ó fi orúkọ INEC kéde pé a ti sún ọjọ́ ìbò síwájú, tí INEC fúnra rẹ̀ sì ti kó lọ.

Ìtàn ìlú wa sọ pé Ìlá Yàrá ni Òkè-Ìlá àti Ìlá Ọ̀ràngún ti pínyà, tí àwọn ọmọ ọba gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kíyè sí i: ọmọ ọba kọ̀ọ̀kan lọ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ ni. Kò sí èyí tí ó dá lọ tẹ̀dó sínú igbó, kí ó fi àwọn ará ìlú sílẹ̀ kí wọ́n máa pariwo orúkọ rẹ̀ nínú ahoro. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ dìde sí SARS, Twitter ni wọ́n ti ké jù lọ. Etí tí kò bá sí níbẹ̀ kò ní gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní kí ìjọba sọ ọjà Musk di ààfin. Ìkéde tí ó bá kan ará ìlú, orí ìkànnì ìjọba fúnra rẹ̀ ni kí ó ti kọ́kọ́ jáde, àti lórí rédíò, àti lẹ́nu akéde, kí ó tó dé X. Èdè ni mo ń kọ́, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá fi èyí kún un: kí ó jáde ní Yorùbá. Àgbẹ̀ tí ó ń bọ̀ láti oko nítòsí omi Àyìnkúnnugbà, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bóyá ìjọba wà lórí X tàbí kò sí níbẹ̀, kí ni ó kàn án? Àwọn tí ń sọ pé kí ìjọba kúrò kò tí ì dá mi lóhùn lórí èyí. Ẹni tí ó bá ní èsì, Olóòtú wa wà níbẹ̀, kí ó kọ ọ́ wá.