Ọkọ̀ Àjùmọ̀lò ní Lọ́ńdọ̀nù: Ta Ló Ni Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, àǹtí kan tí a jọ ń gbé ládùúgbò ní Peckham pè mí lórí fóònù. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn yóò wáyé ní Thamesmead ní oṣù Kínní, àwọn ni wọn yóò sì dáná. Kúlà ìrẹsì mẹ́rin àti kúlà mọ́ínmọ́ín méjì ni wọ́n ní lọ́kàn láti gbé lọ. Wọn kò béèrè owó lọ́wọ́ mi, wọn kò sì ní kí n wá bá wọn gbé ẹrù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: “Àbúrò mi, ìwọ tí o ti ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn rí, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ kó àwọn ọkọ̀ yẹn lọ?”

Òótọ́ ni. Zipcar, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ àjùmọ̀lò tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà pé òun kò ní yá ẹnikẹ́ni ní ọkọ̀ mọ́ fún ọjọ́ kankan tó bá ti kọjá 31 oṣù Kejìlá. Kò ju oṣù kan lọ tí wọ́n fún àwọn tó ti gbára lé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, nítorí ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí yàtọ̀ sí Uber àti Bolt tí ẹ mọ̀ l'Ékòó. Kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni awakọ̀. Ọkọ̀ náà wà létí títì, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ fàlà sí fún un. Ẹ ó fi fóònù wá èyí tó sún mọ́ ilé yín, ẹ ó sọ iye wákàtí tí ẹ fẹ́ lò ó, fóònù náà ni yóò sì ṣí ilẹ̀kùn. Inṣọ́ránsì, owó orí ọkọ̀ àti epo fún ìwọ̀nba ìrìn-àjò inú ìlú ti wà nínú iye tí ẹ san. Bí ẹ bá parí, ẹ ó dá a padà síbi tí ẹ ti gbé e. Láti ọdún 2017 títí di ìparí ọdún 2025, Zipcar tún ní irú kan tí ẹ lè fi sílẹ̀ ní àdúgbò mìíràn, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Fún ẹni tí kì í wakọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù lọ, ètò yìí bọ́gbọ́n mu gan-an. Ìwádìí kan tí RAC Foundation gbé jáde ní ọdún 2012 fi hàn pé nínú gbogbo wákàtí tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń lò láyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi ń dúró sójú kan. Síbẹ̀, bó ti ń dúró náà ló ń náwó. Ẹ ó san inṣọ́ránsì, ẹ ó san owó orí ọkọ̀, ẹ ó sanwó kí ẹ tó lè gbé e síwájú ilé ara yín, ẹ ó sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún bó bá ti pé ọdún mẹ́ta. Láti 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, tí wọ́n fẹ òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ dé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ àtijọ́ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ ju bó ti yẹ lọ ń san £12.50 lójoojúmọ́ tó bá jáde. Òfin yìí ló mú kí àǹtí wa ta ọkọ̀ wọn. Wọn kò ra òmíràn, nítorí ọkọ̀ àjùmọ̀lò méjì wà ní ìkóríta tí kò jìnnà sí ilé wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó rọrùn fún wọn. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, ẹ̀rí ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. A máa ń gbàdúrà fún un, a máa ń jó wọ ilé ìjọsìn nítorí rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ a sì ní àwọn ń bọ̀ wá fọ ọkọ̀ tuntun, bẹ́ẹ̀ omi kọ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ti ní ọkọ̀ tirẹ̀ rí, tó wá ń fi fóònù wá ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń gùn, ó ní ohun tó gbé mì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kan tilẹ̀ rò pé nǹkan ti bàjẹ́ fún wọn ni. Ohun tí ìlú ń bẹ̀ wá láti ṣe ni wọ́n ṣe: pé kí a dín ọkọ̀ kù, kí a dín èéfín kù. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló so ìkógbásílé yìí pọ̀ mọ́ owó sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tí a ń san láti wọ àárín ìlú. £5 ni owó náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2003. Ní 2 oṣù Kínní ọdún 2026, ó kúrò ní £15, ó di £18, àwọn ọkọ̀ oníná mọ̀nàmọ́ná tí wọn kì í san kọ́bọ̀ tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í san nínú rẹ̀. Èmi kò rò pé ó yẹ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru owó yẹn. Mo fara mọ́ ọn pé kí ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ wọ àárín ìlú sanwó. Ẹni tó bá ti dúró ní Elephant and Castle ní aago mẹ́jọ àárọ̀ mọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí mo wà nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ọ̀gá wa kan máa ń sọ pé bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti ilẹ̀kùn, kí a má bẹ̀rẹ̀ ìròyìn náà láti ọjọ́ tí wọ́n tì í, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n tà á. Ẹ jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin méjì, Robin Chase àti Antje Danielson, ló dá Zipcar sílẹ̀ ní Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2000. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Streetcar ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ náà láti ọdún 2004. Ní ọdún 2010, Zipcar ra Streetcar. Àwọn méjèèjì ló tóbi jù nínú òwò náà, nítorí náà àjọ tó ń mójú tó ìdíje òwò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ní ọdún 2013, Avis Budget, ilé-iṣẹ́ ayáni-lọ́kọ̀ tí oríkò rẹ̀ wà ní New Jersey, ra Zipcar fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 500 dọ́là. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó wà ní ìkóríta àǹtí wa ti sọdá òkun. Orúkọ tó wà lára ọkọ̀ kò yí padà, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, ìjọba ìbílẹ̀ ṣì ń fún un láyè létí títì, ṣùgbọ́n àwọn tó lè ní kí ó dúró tàbí kí ó lọ kò gbé láàárín wa mọ́.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2020, Share Now, tí BMW àti Daimler jọ ni, kó ọkọ̀ tirẹ̀ kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Brussels, ní Florence àti ní gbogbo ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Àríwá Amẹ́ríkà. Ti Párís tilẹ̀ dunni jù, nítorí ìjọba wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Autolib', ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ oníná mọ̀nàmọ́ná tí ilé-iṣẹ́ Bolloré pèsè. Gbogbo ayé ń wá wò ó. Nígbà tí gbèsè dé, ilé-iṣẹ́ àti ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tí yóò san án, nígbà tí yóò sì fi di òpin oṣù Keje ọdún 2018, ọkọ̀ ti kúrò nílẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé ọkọ̀ àjùmọ̀lò kò lè pẹ́, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n kí ó wo Swítsàlandì. Ní Zurich ni àwọn ènìyàn kan ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ní ọdún 1948, nígbà tí ọ̀pọ̀ kò lágbára láti dá ọkọ̀ ra. Ní ọdún 1987, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù méjì tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì para pọ̀ di ẹyọ kan tó ń jẹ́ Mobility ní ọdún 1997. Ó wà títí di òní. Ọkọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 3,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà ní ibùdókọ̀ ojú irin, kí ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lè gbé ọkọ̀ lọ sí abúlé tó ń lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ní ìpín nínú rẹ̀, kì í ṣe oníṣòwò òkèèrè kan tó lè tà á bó ti wù ú. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin wọn ń dé lásìkò, owó sì wà lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà àti Faransé tí tiwọn fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ náà kì í ṣe tálákà.

Ohun kékeré kan tún wà tí ẹni tó bá ti lo ọkọ̀ wọ̀nyí yóò mọ̀. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kan rí, kí n tó bá egungun adìẹ àti ìdọ̀tí ọmọdé lórí àga ẹ̀yìn. Ẹni tó lò ó ṣáájú mi rò pé ti ilé-iṣẹ́ ni, ilé-iṣẹ́ náà yóò wá a ṣe. Bí a ti ń ṣe sí ọkọ̀ ìjọba nílé náà nìyẹn. Ó ṣòro kí ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ tí owó oṣù rẹ̀ wà nínú rẹ̀, tó sì mọ̀ pé ẹni tí yóò lò ó tẹ̀ lé òun lè jẹ́ ìyá ọ̀rẹ́ òun. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo wa ni a kò ní.

Kí ni mo fẹ́ kí a ṣe? Títì kì í ṣe ti oníṣòwò. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fàlà sí àyè tí ọkọ̀ wọ̀nyí ń dúró sí, nítorí náà ó yẹ kí ó wà nínú àdéhùn pé ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ó yẹ kí wọ́n ya díẹ̀ nínú àyè náà sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó sì yẹ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 32 àti ti City gbà láti ṣe òfin kan náà, nítorí ọkọ̀ tí ènìyàn lè fi sílẹ̀ ní òpópónà kan, tí kò lè fi sílẹ̀ ní òdìkejì ààlà, ń da orí olùlò rú.

Àwa náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìlú wa, ìjọ wa àti mọ́ṣáláṣí wa ní ìlú yìí ló ní àjọ tàbí alájẹṣẹ́kù. A máa ń yá ara wa lówó láti ra ọkọ̀, ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò ra tirẹ̀, yóò sì gbé e síwájú ilé kí ó máa dúró. Ogún ìdílé lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra ọkọ̀ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì ni yóò ṣòro, nítorí inṣọ́ránsì ọkọ̀ ẹnìkan kò bo ọkọ̀ tí a ń gba owó lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kí ó sì ra inṣọ́ránsì tó bo gbogbo awakọ̀ rẹ̀. Àwọn tuntun tó ń ti ilé dé náà kò gbọdọ̀ gbàgbé pé oṣù méjìlá péré ni ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Nàìjíríà fi ń ṣiṣẹ́ níbí, lẹ́yìn náà, ìdánwò ti dé. Bí mo bá ti dábàá èyí nínú ìpàdé, ẹnìkan a rẹ́rìn-ín pé ta ni yóò gbé e lọ sí òde àríyá ní ọjọ́ Sátidé tí gbogbo wa ní òde. Ìbéèrè gidi ni. Òun náà ni àwọn ará Swítsàlandì fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ yanjú: ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ orúkọ ni yóò gbé e.

Àǹtí wa kò dúró de ìpàdé kankan. Ọmọ ìjọ wọn kan ló bá wọn gbé kúlà lọ sí Thamesmead, wakati méjì lẹ́yìn àkókò tí wọ́n dá. Ní oṣù Kejì, wọ́n ra ọkọ̀. Mo rí i níwájú ilé wọn ní ọjọ́ Ajé, mo tún rí i ní ọjọ́ Ẹtì ní ojú kan náà, ewé igi ti bọ́ sórí rẹ̀.