Kámúṣáàfù inú Ìjàpá

Ẹ̀yin tí ẹ jogún Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ kámúṣáàfù rẹ̀. Bí ìjàpá gidi, inú ìkarawun ló kó o pamọ́ sí: àfi kí a sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, kí a là á sí méjì, kí ọwọ́ tó lè tó o. Owó iṣẹ́ yìí ló ń mú kí àwọn kan dá tápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ padà sídìí kámúṣáàfù tuntun. Ẹ má gbà! Tápẹ́ẹ̀tì tó ti jẹ yóò ba irin tuntun náà jẹ́ kíákíá, ẹ ó sì tún la ẹ́ńjìnnì.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ́kọ́ jí, ẹ má fi sílẹ̀ kó máa rọra kùn; ẹ tẹ̀ ẹ́ dé nǹkan bí 2,000 yíyí ní ìṣẹ́jú kan, fún 20 ìṣẹ́jú, torí ìgbà náà ni ojú irin méjèèjì ń mọ ara wọn.